Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ojú kò tíì rí i: ṣé V-Sync ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè, láti Kétu ní Benin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, Counter-Strike, géèmù ìbọn, ni mò ń gbá, lórí kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 60 Hz. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ṣe ìdíje kékeré kan nínú ilé géèmù kan níbí. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, okùn ni wọ́n fi so gbogbo wọn pọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà ni kálukú san kó tó jókòó. Mo rí ẹni náà kó tó rí mi. Mo tẹ máòsì. Síbẹ̀ èmi ni mo kú, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ pa «Synchronisation verticale», ìyẹn V-Sync, nínú géèmù, pé òun ló ń fa lag, ìdádúró láàárín ọwọ́ àti ojú. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, íntánẹ́ẹ̀tì wa ló burú. Mo pa á lóòótọ́, ọwọ́ mi sì yá sí i, àmọ́ àwòrán wá ń pín sí méjì lágbedeméjì bí ògiri tó lanu. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Àbúrò, òótọ́ lọ̀rẹ́ rẹ sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. V-Sync ló ń mú káàdì àwòrán (apá kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán géèmù) dúró de ojú kọ̀ǹpútà kó tó pààrọ̀ àwòrán, ó sì máa ń dá ọwọ́ dúró. Irú kọ̀ǹpútà tìrẹ yìí gan-an ló sì ti ń dá a dúró jù: ojú 60 Hz, pẹ̀lú káàdì àwòrán tó lágbára jù ú lọ.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò kíá. Inú ilé kan náà ni gbogbo yín jókòó sí, okùn ló so yín pọ̀. Ohun tó ń gba okùn láti orí tábìlì kan bọ́ sí èkejì kì í pẹ́ lọ́nà rárá. Ẹni tó bá sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló pa ọ́ nínú ìdíje bẹ́ẹ̀, kò fetí sí ohun tó o wí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ojú 60 Hz ń gba àwòrán tuntun nígbà 60 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn ni pé mìlísẹ́kọ́ǹdù 16.7 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kì í gbé àwòrán náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Láti òkè ló ti ń kọ ọ́ bọ̀ nísàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ọmọ kéwú tó ń kọ wàláà. Bó bá kọ ọ́ dé ìsàlẹ̀ tán, á padà sókè láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Láyé tẹlifíṣọ̀n onígò, ìtànṣán kan ló ń rin ìrìn yẹn, ó sì nílò àyè díẹ̀ láti fò padà sókè. Àyè kékeré yẹn ni V-Sync ń dúró dè títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n onígò ti kúrò ní pálọ̀ wa.

Bó o bá pa V-Sync, káàdì àwòrán kò dúró de ẹnì kankan mọ́. Bó bá ti parí àwòrán kan, yóò fi lé ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kódà bí ojú náà bá ti kọ wàláà dé ìdajì. Apá òkè á jẹ́ ti àná, apá ìsàlẹ̀ á jẹ́ ti òní. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ògiri tó lanu tó o rí yẹn. Ṣùgbọ́n fi ọkàn sí i: apá ìsàlẹ̀ yẹn ni ìròyìn tó gbóná jù. Torí rẹ̀ ni àwọn tó ń fi Counter-Strike jẹun ṣe ń fara da àwòrán tó pín, tí wọ́n pa V-Sync tì pátápátá.

* * *

Ẹnì kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ ti dáhùn pé àsọdùn ni. Ó ní mìlísẹ́kọ́ǹdù 16 ni gbogbo ohun tí V-Sync lè fi kún un, pé kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá.

Bó bá jẹ́ 16 péré ni, ǹ bá bá ọ fọwọ́ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìlà tó ń tò lẹ́yìn V-Sync, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí.

Wo ìyá alákàrà lẹ́bàá ọjà Ouando láàárọ̀. Iná rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó lè dín igba àkàrà ní àsìkò tí 60 oníbàárà bá fi kọjá. Ká ní ó ní àtẹ kékeré kan tí kò gbà ju mẹ́ta lọ, tó sì búra pé èyí tí òun kọ́kọ́ dín lòun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, àtẹ ti kún. Kò lè dín òmíràn mọ́ àfi bí ẹnì kan bá ra ọ̀kan. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí oníbàárà kan tó máa jẹ àkàrà gbígbóná. Èyí tí wọ́n gbé fún ọ, ẹni mẹ́ta ti kọjá níwájú rẹ látìgbà tó ti jáde nínú epo. Ìyá yìí kò lọ́ra o. Yíyá ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló sọ àkàrà di tútù.

Káàdì àwòrán tó lágbára, lórí ojú 60 Hz, pẹ̀lú V-Sync, ìyá alákàrà yẹn ni. DirectX, ètò Windows tí géèmù fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, fàyè gba kí àwòrán mẹ́ta tò sílà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Mẹ́ta lọ́nà 16.7, ó di 50. Fi ti ojú fúnra rẹ̀ àti ti máòsì kún un. Ìyẹn ni àbúrò wa ní Kétu ń gbé lọ pàdé ẹni tó ti pa V-Sync tirẹ̀. Àwọn méjèèjì lè rí ara wọn nígbà kan náà, àmọ́ ẹnì kan ń jẹ gbígbóná, ẹnì kejì ń jẹ èyí tó ti tutù.

* * *

Ẹ má kàn gbà mí gbọ́ lásán. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo sì ti wọn nǹkan yìí fúnra mi. Ọjọ́ Àìkú kan ni, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fóònù mi lé orí ìwé méjì níwájú kọ̀ǹpútà kan tó ní ojú 60 Hz, mo ṣí kámẹ́rà rẹ̀ sí ibi tó ti ń ya àwòrán 240 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú fídíò bẹ́ẹ̀ lé díẹ̀ ní mìlísẹ́kọ́ǹdù 4. Mo fa máòsì súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà débi tí kámẹ́rà fi rí ìka mi àti ẹnu ìbọn pa pọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀ títí ó fi pé ogún ìgbà.

Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo ń fi àtàǹpàkò sún fídíò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á sórí bébà. Bọ́tìnnì wọlẹ̀. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ogún, mo rí ìka mi tó ti ń gòkè bọ̀, bọ́tìnnì máòsì ti fẹ́ yọ padà, èékánná mi tó funfun nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ti tún pọ́n, síbẹ̀ ìbọn kò tíì yọ iná. Ó di 23 kó tó yọ. Òmíràn 24, òmíràn 25. Ìyẹn súnmọ́ mìlísẹ́kọ́ǹdù 100. Mo pa V-Sync, ó wálẹ̀ sí 11, 12, nígbà míì 13. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo wo bébà yẹn tán, torí ọdún mélòó kan ni mo ti fi ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé kò sí ìyàtọ̀.

Ẹ ṣe é fúnra yín. Fóònù tó ní kámẹ́rà 120 náà lè ṣe é, àwòrán kan níbẹ̀ jẹ́ 8.3. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì sọ pé ẹ ti mọ̀.

* * *

Ẹlòmíì tún wá, ará Àjàṣẹ́ ni òun náà. Ó ní àwa tí à ń bá àwọn ará Yúróòpù gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ping wa, àsìkò tí ìròyìn fi ń lọ tó sì fi ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kọjá 100 tẹ́lẹ̀, kí ni 50 fẹ́ ṣe fún wa mọ́? Ẹni tí òjò ti pa, ṣé ìrì ló máa wá bà á lẹ́rù?

Mo gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ló rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nǹkan méjì tí kò jọra lo dà pọ̀. Bó o bá yí máòsì sí ọ̀tún, kọ̀ǹpútà rẹ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó wà ní Yúróòpù kó tó yí ojú rẹ sọ́tùn-ún. Níbí gan-an ló ti ń yí i. Ping kò fọwọ́ kàn án rárá. V-Sync ló ń fọwọ́ kàn án. Torí náà ẹni tí ping rẹ̀ jẹ́ 120 tí ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ bá ara wọn mu á ṣì ta ọfà rẹ̀ síbi tó fẹ́. Ẹni tí ping rẹ̀ jẹ́ 5, tí ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, á máa yí kọjá orí ẹni tó fẹ́ yìn, á padà, á tún kọjá.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹ̀rọ Counter-Strike mọ ping rẹ, ó sì ń gbìyànjú láti gbè ọ́: bó o bá yìnbọn, ó máa ń dá àsìkò padà sẹ́yìn díẹ̀ láti wo ibi tí ọ̀tá wà nígbà tí ìwọ rí i. Ṣùgbọ́n ìdádúró tó wà láàárín káàdì àwòrán àti ojú kọ̀ǹpútà rẹ, kò rí i. Kò mọ̀ pé ohun tó o rí ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó máa dá tìyẹn padà fún ọ. Àwa tí ping wa ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, àwa gan-an ni kò yẹ ká fi ọ̀kan kún un.

* * *

Bàbá kan tó ni ilé géèmù béèrè pé: PS4 làwọn ní, bọ́ọ̀lù àti Tekken, géèmù ìjà, ni àwọn ọmọ ń gbá, àwọn kò rí V-Sync kankan níbẹ̀ láti pa, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ń pariwo lag.

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó o, kì í sábà fún yín ní ohun tí ẹ máa pa tàbí tàn. Ẹ fi í sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ kọjú sí. Tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń gba àwòrán, á tún un ṣe, á mú un dán, á fi èyí tí kò sí níbẹ̀ kún àárín kó lè máa yọ̀ bí omi, kó tó fi hàn yín. Gbogbo ìtúnṣe yẹn, àsìkò ló ń jẹ, ó sì lè jẹ ju ohun tí V-Sync lè jẹ lọ. Ẹ wá «Mode Jeu» (Game Mode) nínú àtòjọ àwòrán, kí ẹ tàn án. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ihò HDMI tí ẹ ń lò gan-an, torí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan máa ń tọ́jú rẹ̀ ní ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti Tekken, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó sí ìdíje tí tẹlifíṣọ̀n méjì kò bá ti rí bákan náà. Géèmù yẹn ń rìn ní 60 géérégé, ẹ̀ṣẹ́ tó yára jù nínú rẹ̀ máa ń balẹ̀ ní àwòrán kẹwàá, ìyẹn mìlísẹ́kọ́ǹdù 167 tàbí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó pẹ́ ní àwòrán mẹ́rin, ó ti pàdánù kó tó fọwọ́ kan páàdì. Ẹ̀tọ́ ọmọ yẹn ni pé kí wọ́n má fi ìjókòó rẹ́ ẹ jẹ.

* * *

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ìjọ́sí tún padà wá, ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tòun kò lè dé 60 rárá, 50 tàbí 55 ló ń rìn, àmọ́ bí òun bá tan V-Sync, ó máa ń já wálẹ̀ sí 30 pátápátá.

Tìrẹ yàtọ̀ sí ti Kétu, ó sì burú ju tirẹ̀ lọ. Àtẹ tìrẹ kò kún, àkàrà ni kì í tètè jinná. Àwòrán rẹ ń gba mìlísẹ́kọ́ǹdù 18, ọkọ̀ sì ń lọ ní gbogbo 16.7. O dé, ọkọ̀ ti lọ, o sì gbọ́dọ̀ dúró de èyí tó ń bọ̀, ó di 33.3. Nígbà gbogbo. Pa V-Sync, kí o sì dín ẹwà àwòrán kù. Bó bá jẹ́ káàdì àwòrán NVIDIA lo ní, V-Sync aláyípadà kan wà níbẹ̀ láti 2012 tó máa ń pa ara rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà kò bá lè dé 60. Fún ìwọ, kò sí ohun tí mo tún lè sọ jùyẹn lọ.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kétu, torí ọmọ yẹn kò fẹ́ àwòrán tó pín, kò sì fẹ́ lag.

Àbúrò, tan V-Sync padà, ṣùgbọ́n kí o so ọwọ́ ìyá alákàrà. Ní kí káàdì àwòrán má ṣe ju iye tí ojú rẹ ń gbà lọ, kó dín díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Bí àkàrà bá ń jinná ní gẹ́lẹ́ ìgbà tí oníbàárà ń dé, àtẹ kò ní kún láéláé, gbígbóná ni wọ́n á máa jẹ. Lórí kọ̀ǹpútà ọjọ́ Àìkú mi, 23 wálẹ̀ sí 15 tàbí 16 báyìí, àwòrán kò sì pín rárá.

«Díẹ̀» yẹn ni wọ́n máa ń ṣì ṣe. Ojú tó ń pe ara rẹ̀ ní 60 lè jẹ́ 59.94 ní tòótọ́. Bó o bá fi ààlà sí 60, o ti ń fi ìdá kékeré kan ṣáájú ojú rẹ, àtẹ á máa kún díẹ̀díẹ̀, lag á padà wá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, o ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Bó o bá sì bẹ̀rù jù, tó o fi ààlà sí 58, ẹ̀ẹ̀mejì ní sẹ́kọ́ǹdù kan ni ojú máa tún àwòrán àtijọ́ fi hàn, wàá rí i tó ń ta gìrì. Wá iye ojú rẹ gan-an, kí o yọ 0.01 péré kúrò lára rẹ̀, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. RivaTuner Statistics Server, ètò tó ń fi irú ààlà yìí sí i, gba irú nọ́ńbà onídẹ́símà bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. `fps_max`, àṣẹ ààlà tó wà nínú Counter-Strike fúnra rẹ̀, náà dára, ìdádúró tirẹ̀ kéré sí ti òde, àmọ́ ìrìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba.

Bó bá jẹ́ ìdíje tí owó wà nínú rẹ̀, èmi á pa V-Sync pátápátá, màá sì gba àwòrán tó pín mọ́ra. Bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn. Nílé, tí mo bá ń gbá fún ìgbádùn, ààlà ni mò ń lò.

Àǹfààní kejì ààlà nìyí, ó sì kan àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ: káàdì tí wọn kò fi ààlà fún lè máa ṣe 300 àwòrán lórí ojú àkọ́kọ́ géèmù níbi tí nǹkan kan kò ti ń ṣẹlẹ̀. Ooru nìyẹn, ariwo fáànù nìyẹn, kpayo (epo fàyàwọ́) tí ẹ rà ní jálá ló ń jó dànù. Àwọn kan ń tan V-Sync nítorí ìyẹn nìkan. Ààlà á ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ní kó àkàrà jọ fún yín.

* * *

Lórí G-SYNC, tí ẹni mẹ́ta ti béèrè. NVIDIA gbé e jáde ní 2013, FreeSync ti AMD sì tẹ̀lé e. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà po: ojú ló wá ń dúró de káàdì. Ẹni tó bá ní i lórí 144 Hz, kó tan V-Sync nínú NVIDIA, kó fi ààlà sí 141. V-Sync kò ní ráyè to ìlà níbẹ̀, ó kàn máa ń nu àbùkù tó bá kù ní ìsàlẹ̀ àwòrán ni. Géèmù tó bá ní Reflex, ètò NVIDIA tó ń dín ìdádúró kù, tó jáde ní 2020, á fi ààlà náà síbẹ̀ fúnra rẹ̀, 138 ni ó máa ń dúró sí lórí 144 Hz. Àwọn tó ń jà pé «V-Sync kò dára níbikíbi» kò tíì gbá lórí irú ojú yìí.

Kódà láìsí G-SYNC, ojú tó yára ń dín ìjìyà kù. Àwòrán mẹ́ta tó tò sílà jẹ́ 50 lórí 60 Hz, ó jẹ́ bíi 21 lórí 144, kò sì ju 12.5 lọ lórí 240. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀, ojú 144 Hz àlòkù á ṣe yín láǹfààní ju káàdì tuntun lọ.

* * *

Ẹni tó béèrè, láti Kétu

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ o. Mo ti ṣe é. Ojú mi jẹ́ 59.94, mo fi ààlà sí 59.93, V-Sync wà ní títàn. Mo yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo kà á bí ẹ ṣe wí. 21, 22, 21. Kò wálẹ̀ bí tiyín. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

* * *

Àbúrò, o gbìyànjú gan-an, kíkà yẹn kò rọrùn. Lọ wo bí géèmù ṣe ṣí. Mo fura pé «Plein écran fenêtré» lo wà, ìyẹn fèrèsé Windows tó kàn gba gbogbo ojú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Windows lè máa gba àwòrán lọ́wọ́ géèmù, á kọ́kọ́ tò ó pọ̀ mọ́ àwọn fèrèsé yòókù kó tó fi ránṣẹ́ sójú, àwòrán kan gbáko sì lè lọ síbẹ̀. Láti Windows 8 ni wọn kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ìtòpọ̀ yẹn mọ́. Yí i sí «Plein écran», kí o tún un kà. Bí kò bá wálẹ̀, wọ inú ètò NVIDIA, kí o fi «Mode faible latence» sí «Ultra», kí àkàrà má baà tò sórí àtẹ.

* * *

Láti Kétu

Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ló rí, fenêtré ni. 16, 15, 16, 15. Ọjọ́ Sátidé la tún ń gbá.

* * *

Pa V-Sync lọ́jọ́ Sátidé. Kí o sì bá ẹni tó ni ilé géèmù náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rí bákan náà.